Ohun Ìṣeré Tí Ọwọ́ Kò Tẹ̀ ní Bantè àti Savalou

Àárò ohun ìṣeré tí ọmọdé fẹ́ tí kò sì rí gbà kì í ṣe ohun tí ó bá ọmọ ènìyàn wáyé. Ó ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ní ilẹ̀ Benin, tí a ń pè ní Dahomey tẹ́lẹ̀, ní Bantè, ìlú àwọn Itcha tí èdè wọn bá èdè Yorùbá tan, àti ní Savalou, níbi tí àwọn ọba ìdílé Gbaguidi ti ń jọba lórí àwọn Máhì, tí àwọn Ifẹ̀ Tchetti àti ti Doumè sì jẹ́ aládùúgbò wọn, ìjọba amúnisìn Faransé, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ ẹrù ni ó la ọ̀nà náà. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, ọmọ lè sunkún oúnjẹ, ó lè sunkún aṣọ ọdún, ṣùgbọ́n kò retí pé kí òbí lọ ra ohun ìṣeré wá fún òun, nítorí òbí kò ka èyí mọ́ ojúṣe rẹ̀.

Ọmọdé ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí yóò fi ṣeré. Ṣùkù àgbàdo, ìyẹn ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yín àgbàdo tán, ni àwọn ọmọbìnrin ń fi àkísà wé, tí wọ́n ń fi ọ̀já kékeré pọ̀n bí ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin ń ta òkòtó, wọ́n ń fi amọ̀ mọ ẹran àti ènìyàn, wọ́n sì ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ láti ta ayò. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kan bá gbẹ́ ọmọlangidi, ìyẹn ère onígi tí ó ní orí àti ọrùn, fún ọmọ ẹbí rẹ̀, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Charles Béart, olùkọ́ Faransé tí ó ti darí ilé-ìwé William-Ponty ní Senegal, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Dahomey pẹ̀lú ti àwọn ilẹ̀ Faransé yòókù ní iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé, kó irú eré wọ̀nyí jọ sínú ìwé alápá méjì tí ó pè ní *Jeux et jouets de l'Ouest africain*, tí IFAN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó wà ní Dakar, tẹ̀ jáde ní 1955. Ìwé náà dé nígbà tí ayé tí ó ń ṣàpèjúwe ti ń yí padà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí Béhanzin, ọba Dahomey, juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894, Savalou di ibùjókòó ìṣàkóso, níbi tí kòmáńdà, ìyẹn aláwọ̀ funfun tí a fi ẹkùn kan sí ìkáwọ́ rẹ̀, ń gbé pẹ̀lú àwọn akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ rẹ̀. Ojú irin tí ó ti Kútọnu wá ti gba Ìdáàṣà kọjá dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n kò gba Savalou tàbí Bantè kọjá, nítorí náà ẹrù tí ó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú rélùwéè bọ́ sínú ọkọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ lè fi owó òwú àti ti ẹ̀kùrọ́ rà ni àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò bíi CFAO àti John Holt ń kó wọ Dahomey: iyọ̀, kẹrosíìnì, aṣọ, àwo tánganran. Ohun ìṣeré kò ní àyè nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Orí ìwé ni ó kọ́kọ́ dé, nínú àwòrán ìwé kíkà àti nínú ìwé ọjà aláwòrán tí Manufrance, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Saint-Étienne ní 1885, ń fi ránṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Faransé òkè òkun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni *arbre de Noël* dé, ìyẹn àpèjẹ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tàbí ti oníṣòwò ń ṣe ní oṣù Disẹ́ḿbà láti pín ohun ìṣeré fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé owó oṣù ni wọ́n fi ń pín in, orúkọ àgbẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Àpèjẹ yìí ni ó fi han ọmọ àgbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé bàbá ẹlòmíràn lè jẹ́ kí ohun ìṣeré wá bá ọmọ rẹ̀ nílé, láìjẹ́ pé ọmọ náà ṣe ohunkóhun. Bí a bá ń wá ibi tí àárò náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ìṣẹ́. Ìṣẹ́ ti wà tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọlangidi rọ́bà àti oníke ni ó díjú jù. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn Yorùbá a gbẹ́ ère dípò rẹ̀; àwọn Fọ̀n àti Máhì, tí wọ́n ń pe ìbejì ní *hoxo*, ní àṣà tí ó jọ ọ́. Wọ́n ń wẹ ère náà, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí Marilyn Houlberg, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá Nàìjíríà, ó rí i pé àwọn ìyá kan ti ń ra ọmọlangidi oníke lọ́jà láti fi rọ́pò ère onígi, ó sì kọ ọ́ sínú àròkọ tí ìwé àtìgbàdégbà *African Arts* gbé jáde ní 1973; a rí irú àṣà yìí ní Togo àti ní Benin pẹ̀lú. Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni pé ọmọlangidi tí ọmọbìnrin kan ń wá lè wà nínú ilé gan-an, kí awọ rẹ̀ funfun, kí irun rẹ̀ pupa, kí ó wọ aṣọ tuntun, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láti fi ṣeré. Bí ọwọ́ ọmọ bá tilẹ̀ kàn án, ojú ìyá kò ní kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka àìrí ọmọlangidi sí ọ̀rọ̀ àìlówó nìkan kò tíì ka irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin, mọ́tò ni. Ọ̀nà tí ó ti Ìdáàṣà wá gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, ní 1960 tí Dahomey gba òmìnira sì ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 404, ọkọ̀ tí irú rẹ̀ tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní *bâchée*, di ọkọ̀ èrò àti ẹrù káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré Dinky Toys àti Norev ṣe 404 kékeré fún àwọn ọmọ Faransé. Ọmọ Savalou ń rí èyí tí ó tóbi lójoojúmọ́. Kékeré ni kò rí. Ó wá tẹ wáyà, ó fi agolo sàdíìnì ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gé àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà tó ti gbó ní róbótó fún táyà, ó sì fi wáyà gígùn tàbí ọ̀pá kan gbé ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé àyà rẹ̀ kí ó lè máa dúró rìn tẹ̀lé e.

Ní 1957, Roland Barthes, òǹkọ̀wé Faransé, ráhùn nínú *Mythologies* pé ohun ìṣeré ilẹ̀ rẹ̀ ń sọ ọmọdé di ẹni tí ó kàn ń lo nǹkan láìdá nǹkan sílẹ̀, àti pé ike ń lé igi lọ. Ẹni tí ó bá fi ojú yẹn wo Bantè lè yára sọ pé ọmọ tí ó tẹ wáyà ni ó jàre. Ìdájọ́ náà rọrùn jù. Ọmọ náà kò kọ ike, ike ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó sì ṣe fara balẹ̀ tẹ ojú ọkọ̀ àti bọ́ńńẹ́ẹ̀tì fi hàn bí ọkàn rẹ̀ ti fà sí èyí tí ó ń kọjá lọ lójú títì.

Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1980, ọmọ akọ̀wé pàápàá ti ń retí lásán, nítorí ìjọba Ààrẹ Kérékou kò lè san owó oṣù déédéé mọ́, wàhálà náà sì wà lára ohun tí ó bí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye sẹ́fà, owó tí Benin ń ná, kù sí ìdajì: faransi 1 ti ilẹ̀ Faransé, tí ó jẹ́ sẹ́fà 50 tẹ́lẹ̀, di 100. Ohun ìṣeré tí ó jẹ́ faransi 20 ní Paris, tí ì bá gba sẹ́fà 1,000 lọ́wọ́ òbí, di 2,000 kí owó ọkọ̀ àti ti aṣọ́bodè tó kún un. Àlòkù tí ó ń gba èbúté Kútọnu wọlé, tí wọ́n ń pè ní *venu de France*, àti ike láti China ni ó wá kún àlàfo náà, tí ọmọlangidi àti mọ́tò fi dé orí àtẹ àwọn ìlú kéékèèké. Nígbà náà, àwọn tí wọ́n ti retí wọn ní 1965 ti ní ọmọ tiwọn. *Arbre de Noël* ṣì wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ Benin títí di òní, orúkọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì ṣì fi ń pín in. Àwọn alátẹ ni kì í béèrè orúkọ bàbá ọmọ.