Ọmọ Òrukàn àti Agolo Sàdíìnì

Ẹ̀yin ará ọjà Kantin Kwari ní Kano, ẹ̀yin tí ẹ ń ta àǹkárá, tí ẹ ń ta léèsì, tí ẹ ń ta ṣáddà tó ń dán lára olówó; ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ti Nìjẹ̀r wá, tí ẹ ti Ṣáàdì wá, tí ẹ ti Kamẹrúùnù wá; àti ẹ̀yin ọmọ Oòduà Sabon Gari, tí Haúsá ti mọ́ lẹ́nu ju ti onílé lọ, ẹ gbé ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn aṣọ kalẹ̀, kí ẹ fetí sí mi. Ìtàn àgbàyanu ni mo fẹ́ sọ, síbẹ̀ kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sí ẹbọra, kò sí ẹranko abàmì olórí méjì. Ọmọ ènìyàn ni akọni rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ní ọdún 1946, ní Bukuru lẹ́bàá Jos, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Adamu. Akọrin ààfin ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì mọ ojú bàbá tí ikú fi mú bàbá lọ. Kò tíì rìn jìnnà nínú ayé tí ikú tún padà wá mú ìyá. Háà, ikú ò mojú! Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin: ọba Bukuru tí bàbá rẹ̀ ń kọrin fún ló gba ọmọ náà tọ́. Dan Maraya ni wọ́n ń pè é, ọmọ òrukàn, ayé sì fi Jos kún un.

Ó ṣì kéré nígbà tó rìnrìn àjò dé Maiduguri, níbi tó ti rí àwọn tí ń fi kuntigi kọrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á mú agolo sàdíìnì ńlá, èyí tí ẹnìkan ti jẹ ẹja inú rẹ̀ tán. Wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú, wọ́n á fà á títí yóò fi le. Wọ́n á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á na okùn lé e, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tó ń dún ṣaworo sórí igi náà. Ó parí. Okùn mélòó? Ẹyọ kan ṣoṣo! Ọmọ òrukàn ṣe tirẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kò ní onílù, kò ní elégbè. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, okùn náà a máa tún ohùn kan náà sọ, kíákíá, kíákíá, bí òjò lórí páànù. Bí ó bá la ẹnu, okùn a yí ohùn padà, a gba ọ̀nà ibi tí ẹnu bá gbà.

Ẹ wá wo ibi tí ìyanu wà. Ẹ mọ iṣẹ́ akọrin nílẹ̀ Haúsá: ààfin ni wọ́n ń lọ, àti ilé olówó, wọ́n á ki ọlọ́lá, ọlọ́lá á náwó fún wọn. Kì í ṣe ohun ìtìjú, àwa náà ní onírárà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Dan Maraya láti mú ẹni tí yóò kì, ó kọjá ààfin, ó kọjá ilé olówó, ó bọ́ sí gáréèjì, ó sì ki karen mota! Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀!

Ẹ mọ karen mota, ọjà yín kò lè rìn láìsí i. Òun ló ń to ìdì aṣọ sínú ọkọ̀, tó ń gun orí ẹrù nígbà tí ọ̀gá jókòó síwájú. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ lórí òkè, òun ló ń bẹ́ sílẹ̀, kí ó fi igi há táyà lẹ́sẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí padà pa gbogbo wọn. Òun ló dọ̀tí jù, a kì í sì í béèrè orúkọ rẹ̀. “Wakar Karen Mota” ni orin náà, òun ló sì sọ ọmọ òrukàn di olókìkí.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967. Ó ki àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ó sì ń ro bí ojú ogun ṣe rí sínú orin. Ní Sabon Gari, níbi tí a kò lè gbàgbé ìpakúpa àwọn ọmọ Igbo ní 1966, gbogbo etí kọ́ ló lè gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ bákan náà. Nígbà tí orin rẹ̀ kúrò lójú ogun, ó wọ inú yàrá tọkọtaya: “Jawabin Aure” gba àwọn tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ nímọ̀ràn, “Auren Dole” sì dá sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n fi ipá fún lọ́kọ.

Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ní 2016, ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ bọ́ sọ́wọ́ akọrin bíi tirẹ̀, Bob Dylan, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi gìtá olókùn mẹ́fà pa orin ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n okùn kan ni tiwa ní!

Ẹ̀yin olówó, ẹ má bínú sí mi. Orin tí a fi kì yín, bí owó yín bá tán, ta ni yóò tún san owó rẹ̀? Karen mota kò lówó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ìṣẹ́ tó lè pa orin tirẹ̀. Lónìí pàápàá, ọmọkùnrin kan ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀, oríkì rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.