Orin Àlùfàǹṣá àti Etí Ọmọdé ní Ìbàdàn

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé kéú wa ní Agbowó, ọmọ ọdún mẹ́fà kan ń lu ẹ̀yìn wàláà rẹ̀ bí ìlù, ó sì ń kọ orin kan tí àgbàlagbà kò jẹ́ kọ níwájú àna rẹ̀. A nà án. Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀, a bi í léèrè ohun tí orin náà ń wí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní inú mọ́tò tí ń gbé àwọn wá kéwú ni òun ti ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa fúnra wa ni a gba awakọ̀ náà síṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Irọ́ ni bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayé òde òní ni orin àlùfàǹṣá bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Ìbàdàn mọ ọjọ́ Òkè'Bàdàn, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta ọdún. Àwọn tí ń bọ ọ́ ní òkè náà ni ó dáàbò bo Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ogun lé wọn, tí òro àti ìgbín di oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa rìn káàkiri ìgboro, wọn a máa fi orin dárúkọ ohun tí aṣọ bò mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Mùsùlùmí kì í bá wọn bọ òkè, ṣùgbọ́n etí wa kò di. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí ni pé ọjọ́ kan ni. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tí ó bá tún kọ ọ́ ti di aláìnítìjú. Òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ mọ ọjọ́ tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Ìbàdàn ní ọdún 1939, tí tẹlifíṣàn WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ààlà ṣì wà, nítorí pé ẹnì kan wà nílé-iṣẹ́ náà tí ń yan ohun tí gbogbo ìlú yóò gbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó wó ọgbà náà. Àwọn tí ń tà á ní Dùgbẹ̀ àti Ring Road a máa yí ohùn rẹ̀ sókè láti fi pe oníbàárà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ a sì gbọ́ ọ lọ, a gbọ́ ọ bọ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti fújì. Inú wéré tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí fi ń jí ará ilé fún sààrì ni ó ti jáde, Sikiru Ayinde Barrister, tí ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Abass Akande tí a mọ̀ sí Obesere, ọmọ Ìbàdàn níbí, gbé tirẹ̀ dé, ó sì pè é ní Àṣàkaṣà. Ẹ má ṣe dá a lẹ́bi nìkan. Àwa àgbà ni a rà á, tí a sì jó o níbi ìkómọ! Láti ayébáyé ni àwọn onímímọ̀ ti ń jiyàn bóyá orin tọ́ tàbí kò tọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, a kò gbọ́ pé wọ́n jiyàn.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ti kan ìṣòro yìí. Ní Amẹ́ríkà, Tipper Gore, ìyàwó aṣòfin kan, ra àwo orin Prince fún ọmọbìnrin rẹ̀, ohun tí ó gbọ́ nínú rẹ̀ sì mú kí òun àti àwọn ìyá mìíràn ké gbàjarè. Ilé aṣòfin àgbà gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, àwọn oníléeṣẹ́ orin sì gbà láti máa lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara àwo orin. Ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìyá tí ń yan ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni yóò ṣe fún ọmọ tí ó jókòó nínú ọkọ̀ láti Challenge sí Dùgbẹ̀?

Ní tiwa, Òfin 38 ti ọdún 1992 ni ó dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa mójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn. Àjọ náà ní kí ohun tí ó jẹ́ ti àgbà nìkan wà láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Ẹ wò ó, ọgbọ́n ọjọ́ Òkè'Bàdàn náà ni: kí ọ̀rọ̀ náà ní àkókò tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n ka àwọn orin kan léèwọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ti Olamide, Davido àti 9ice wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ NBC kò dé inú fóònù.

Nígbà tí a pe àwọn òbí jọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wa yìí, bàbá kan láti Bódìjà ní bí a bá ń fi pamọ́, ọmọ yóò wá a lọ. Ó ní kò yé wọn, kò sì lè pa wọ́n lára. A kò gbà fún un. Ohun tí kò yé ọmọ lónìí ti wà lórí rẹ̀, yóò yé e lọ́la, níbi tí a kò sí. Ìyá kan wá bi wá pé ta ni ó yan orin inú mọ́tò. A kò rí èsì kankan fọ̀.

A bẹ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n a ti yọ rédíò mọ́tò náà, ó sì bínú sí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà wá bi wá pé, "Alfa, kí ni ìtumọ̀ orin yẹn gan-an?" A ní kí ó kọ́kọ́ dàgbà díẹ̀ sí i.