Kò Sí Hóró Bonsai: Ìtàn Igi Inú Àwo àti Ọdán Ara Ògiri Wa



Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì ti ń bi wá léèrè nípa igi kékeré inú àwo tí àwọn oníbàárà ń wá kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní bonsai. Ìbéèrè náà kì í ju ẹyọ kan lọ: "Ọ̀gá, níbo la ti lè ra hóró rẹ̀?"

Kò sí hóró bonsai. Àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, hóró igi lásán ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ gbìn ín sóko, á ga bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń sọ igi di bonsai, ìtàn rẹ̀ ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ibojì ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Zhanghuai, tí wọ́n sin síbẹ̀ ní ọdún 706, àwòrán ìránṣẹ́ kan wà lára ògiri tó gbé àwo dání, òkúta wẹ́wẹ́ àti igi kékeré sì wà nínú àwo náà. Àwọn ará Japan gbà á lọ́wọ́ wọn. Nínú èdè tiwọn, "bon" ni àwo, "sai" ni ohun tí a gbìn. Ibi tó yẹ kí àgbẹ̀ tẹ́tí sí rèé: àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà kì í fi gbogbo ìgbà gbin hóró. Wọ́n máa ń gun òkè lọ wá igi tó hù sínú àlàpá òkúta, tí afẹ́fẹ́ ti lù, tí kò rí ilẹ̀ tó pọ̀ jẹ. Wọ́n á hú u tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n á gbé e sínú àwo.

Òkè òkúta ò sí ní Òṣòdì, àmọ́ ògiri wà. Ẹ gbójú sókè wo ara afárá àti àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsọlọ̀, ẹ ó rí ọdán tó hù sínú àlàfo bíríkì. Ẹyẹ àti àdán ló jẹ èso rẹ̀ tí wọ́n yàgbẹ́ síbẹ̀. Igi yẹn lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìga ju ọmọdé lọ, síbẹ̀ ìdí ẹ̀ á ti ki bí ọrùn ọwọ́. Ọdán yìí kan náà ni àwọn baba wa ń gbìn sójú ọjà àti iwájú ààfin fún ibòji. Wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á sì hù di igi ńlá tí gbogbo ọjà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Igi kan náà ni. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò rí ló yàtọ̀. Ẹ̀yin olókoo kòkó, ẹ mọ èyí tẹ́lẹ̀: irúgbìn tó bá pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ á lọ́, kì í sì í ṣe dáadáa lóko mọ́. Ohun tó ń ba kòkó yín jẹ́ yẹn ni àwọn oníbonsai fi ọ̀bẹ tún ṣe, torí wọ́n ń gé gbòǹgbò kó má baà lọ́.

Èyí tí àwa kọ́kọ́ rà kú. Orí tábìlì ọ́fíìsì la gbé e sí, nínú ẹ̀rọ amúlétutù, à ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ewé fi wọ́ tán. Nígbà tá a tú u, gbòǹgbò ti jẹrà, ó ń rùn. Àwo náà ò ní ihò nídìí, ẹni tó tà á sì ti fi góòmù lẹ òkúta bo ojú iyẹ̀pẹ̀.

Ìta gbangba nilé bonsai. Igi páìnì kan wà tí ìdílé Yamaki ń tọ́jú ní Hiroshima, wọ́n ní láti ọdún 1625 ló ti wà nínú àwo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945 tí bọ́ǹbù bú gbàmù níbẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta ló wà sí ibẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ọgbà ló sì yè sí. Wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, ó ṣì wà ní Washington. Ọdún 2001 tí àwọn ọmọ-ọmọ olówó rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ tó gbọ́ pé ó la bọ́ǹbù já.

Ẹ̀yin oníṣòwò, apá tiyín rèé. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 ba Tokyo jẹ́, ni àwọn olóko bonsai ibẹ̀ bá kó lọ sí Ōmiya ní 1925, níbi tí wọ́n ti rí omi mímọ́ àti àyè. Abúlé wọn ṣì wà dòní. Ará Òṣòdì mọ bí ìṣíkúrò ṣe ń rí: oṣù kìíní ọdún 2009 ni ìjọba Èkó wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, tí wọ́n sì wá gbin koríko àti òdòdó sí apá kan. Olódòdó lè gbé ìkòkò sá, ìyẹn dáa. Àmọ́ igi ọdún márùn-ún tó bá kú, owó ò lè ra ọdún márùn-ún padà. Ọdún yẹn ni oníbàárà ń sanwó fún. Ẹ má fi góòmù lẹ òkúta mọ́ ọn fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdán ni kó mú, torí ó máa ń fara da àṣìṣe. Kó dúró di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kó tọrọ lọ́wọ́ onílé, kó bomi sídìí ẹ̀ kó tó hú u, kó sì ṣọ́ra fún oje funfun rẹ̀. Yanrìn odò tó nípọn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kó pọ̀ jù nínú àwo, kí ajílẹ̀ tó ti jinná jẹ́ díẹ̀. Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí àwo. Kó ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀: tó bá ṣì tutù, kó má bomi sí i. Nígbà ọyẹ́, ó lè gba omi lójoojúmọ́. Oòrùn àárọ̀ ṣe pàtàkì. Okùn bàbà inú wáyà iná dáa fún títẹ ẹ̀ka, àmọ́ kó tú u kó tó jẹ wọ inú èèpo. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, kó yọ ọ́, kó gé díẹ̀ nínú gbòǹgbò, kó dá a padà.

Èyí tá a ní báyìí, ara ògiri ilé kan ní Ìsọlọ̀ la ti hú u. Gbogbo ewé ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ́, a rò pé ó ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ló rú. Kò tíì tó tà.