Ìlú Tí A Kọ́ Nítorí Iṣẹ́ Ọnà

Àlejò tó bá gba Mile 2 wọ Festac Town lónìí lè rìn láti First Avenue dé Seventh Avenue kí ó má fura rárá pé iṣẹ́ ọnà ló mú kí wọ́n tẹ ìlú náà dó.

Dakar ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, ní 1966. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé tó lé ní 5,000 sí ilẹ̀ Àmùwò kí àwọn àlejò lè rí ibi sùn. Erhabor Emokpae ló ya àmì àjọ̀dún náà: ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Idia ti Bìní, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá wa láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn tí kèké mú sì kó wọlé.

Gbogbo rẹ̀ ni ó ti òkè wá. Ní ṣíṣe tán ni àwọn olùgbé bá òpópónà, gọ́tà àti ààyè gbangba tí a fi sílẹ̀ fún fàájì. Bóyá ìdí nìyí tí ẹjọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́ síbi tí kò yẹ kì í fi í tán níbẹ̀.

Bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, Òṣogbo ni ọkàn mi ń lọ. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo sí ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ilé amọ̀ tí àwọn tí ìlú yàn máa ń jọ mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀; àwọn ará Òṣogbo ló yí i padà sí "bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀." Denis Williams, ọmọ Guyana, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní 1962 àti 1963, Georgina Beier kọ́ wọn ní 1964. Inú wọn ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti jáde.

Ṣùgbọ́n igbó Ọ̀ṣun ló jọ mí lójú jù. Wọ́n ń gé igi ibẹ̀, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, kò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú ló bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà gan-an ló sì di ilé ẹ̀kọ́ wọn. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà sí ògiri igbó náà, ó sì ṣe irú rẹ̀ sí ilé epo Esso tó wà láàárín ìlú. (Kì í ṣe gbogbo Òṣogbo ló fara mọ́ ọn, mo mọ̀.) Igi tó dúró lẹ́yìn ère kò rọrùn láti gé. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n l'Ékòó. Yaba Tech wà níbẹ̀, níbi tí Yusuf Grillo ti darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n gba máàkì tán, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà á wọ yàrá ìkẹ́rù lọ. Kí ló dé tí ọ̀kan kò fi lè jẹ́ ìjókòó olókùúta tàbí ògiri alárànbarà nínú Close kan ní Festac, kí àwọn onílé yan ohun tí wọ́n fẹ́ rí, kí àwọn ọmọ wọn sì bá wọn po ọ̀dà? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kun ògiri kò ní í dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá wá kan páànù mọ́ ọn.

Ilé tó yí Close kan ká kò pọ̀, ojúlé kan sì mọ èkejì. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2027 ni àjọ̀dún náà ń pé àádọ́ta ọdún.