Dídi Ẹrù Sórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere fún Ìrìn-àjò Ọlọ́jọ́ Púpọ̀

Ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí ibi tí ó di ẹrù sí. Ohun tó wúwo, bí omi àti irinṣẹ́, ni kí ó wà nísàlẹ̀, láàárín férémù; ẹrù wúwo lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ a máa mú un ṣòro láti darí. Okùn tó tú sílẹ̀ ló léwu jù: bí ó bá wọ sípóòkù, táyà lè dúró lójijì, kí ó sì gbé ènìyàn ṣubú. Awẹ́ tùúbù àtijọ́ tí àwọn ará wa fi ń di ẹrù mọ́ káríà ṣì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹrù. Ẹ fẹ́ táyà kó le díẹ̀ sí i. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ tètè tẹ bíréèkì, nítorí kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù kì í tètè dúró.