Ìdí Ẹ̀fọ́ Ló Wà

Àwọn àgbà ní, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀tá ilé la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká gbọ́ ọ bí àgbẹ̀ ṣe ń gbọ́ ọ: ìdí ẹ̀fọ́, níbi tí omi àti ilẹ̀ ti ń bọ́ gbòǹgbò.

Ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, etí odò àti àkùrọ̀ ni ẹ̀fọ́ àti tòmátì kù sí. Odò kan náà ni màálù ń mu, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Inú ìfun màálù àti ti ènìyàn sì ni kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ E. coli ń gbé. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í ṣeni ní nǹkan. Àwọn kan ń pààyàn. Bí a bá rí i lára ewé, àmì ni pé ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ ti kan ewé náà, bó ti wù kó máa dán tó. Ẹ̀fọ́ tó jinná dáadáa kò léwu. Èyí tí a ń jẹ ní tútù ni kí a bẹ̀rù.

Àyẹ̀wò kì í yá. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá ń wá Salmonella, kòkòrò àìfojúrí mìíràn bíi E. coli, wọ́n á wọn gíráàmù 25 ewé, wọ́n á pò ó mọ́ mìlílítà 225 omi tó ní oúnjẹ kòkòrò, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ooru ìwọ̀n 37°C di ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo pupa. Níbi tí Salmonella bá ti hù, àárín rẹ̀ á dúdú. Kí èsì tó dájú, ọjọ́ bíi márùn-ún ti lọ. Tẹ̀tẹ̀ wo ló ń dúró títí di ìgbà yẹn lọ́jà Ṣakí?

Nítorí náà, omi ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí a bá dúró dìgbà tí àìsàn bá dé, a lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi: ní 2011, E. coli kan pa ènìyàn tó lé ní 50, Jámánì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Kùkúḿbà Spéènì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì pàdánù gidigidi, kí wọ́n tó tọpa rẹ̀ dé èéhù irúgbìn tí oko kan ní Jámánì gan-an ń tà. Nílé níbí, yunifásítì LAUTECH ti ní ọgbà ní Ìṣẹ́yìn báyìí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n máa bu omi odò wò fún àgbẹ̀ kó tó gbin ti ẹ̀ẹ̀rùn: ta ni iṣẹ́ náà yẹ jù wọ́n lọ?

Ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màálù tí àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀, ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà fún oko tí kì í lo kẹ́míkà sọ pé, bí a bá da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 120 kí a tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í sábà pé oṣù méjì tí a fi ń fà á. Kí a kó ìgbẹ́ náà jọ, kó jẹrà, kó gbóná nínú òkìtì títí kòkòrò inú rẹ̀ á fi kú, kí a tó gbé e lọ sóko.