Bí Wọ́n Bá Gba Olú-Ìlú, Ṣé Ogun Ti Parí?

Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ogun abẹ́lé. Ogun abẹ́lé ni ogun tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ń bá ara wọn jà. Ìbéèrè wa nìyí: bí wọ́n bá gba olú-ìlú ọ̀tá, ṣé ogun ti parí nìyẹn?

Ẹni tó mọ ìtàn Kétu lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì wọ Kétu. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì kó ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómè. Ìjọba méjì ló ń jà nígbà náà, kì í ṣe ogun abẹ́lé. Inú odi ìlú ni agbára Kétu wà. Nígbà tí ọ̀tá wọ inú odi, ìjà parí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ogun abẹ́lé kan tó jà nítòsí wa, ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Ígbò ní apá àríwá Nàìjíríà. Àwọn tó yè é sá padà sílé, ní apá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Ojukwu kéde pé apá ìlà-oòrùn ti ya kúrò lára Nàìjíríà. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni Biafra. Enugu ni olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀gágun Gowon, tó ń ṣe olórí Nàìjíríà ní Èkó, kò gbà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún náà.

Kí ló dé tí àwọn sójà Nàìjíríà fi kọjú sí Enugu? Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èkíní, ibẹ̀ ni ìjọba Biafra jókòó sí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba wà, ibẹ̀ ni rédíò ti ń sọ̀rọ̀.

Èkejì, ojú irin àti ọ̀nà mọ́tò gba Enugu kọjá. Ẹni tó bá ní ọ̀nà lọ́wọ́ ló lè kó sójà àti oúnjẹ lọ síbi tó fẹ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Bí olú-ìlú bá ṣubú, ẹ̀rù a máa ba ará ìlú. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn a sì máa rò pé ìjọba náà ti kú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1967, Enugu bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà. Ogun náà kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí àwọn sójà tó wọlé, ọ̀pọ̀ ará Enugu ti kó ẹrù wọn jáde. Ojukwu àti ìjọba rẹ̀ náà kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, Umuahia di olú-ìlú tuntun. Rédíò Biafra kò dákẹ́. Ní ọdún 1968, lẹ́yìn tí Enugu ti ṣubú, orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́rin gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè: Tanzania, Gabon, Côte d'Ivoire àti Zambia.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, Nàìjíríà gba Umuahia náà. Ní oṣù kan náà, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Owerri padà, ìjọba wọn sì lọ jókòó síbẹ̀.

Kí ló wá borí Biafra? Ẹ wo ojú òkun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Nàìjíríà ti dí ọ̀nà òkun. Wọ́n gba Bonny ní oṣù keje ọdún 1967, wọ́n gba Calabar ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, wọ́n gba Port Harcourt. Nígbà náà, Biafra kò ní èbúté mọ́. Ọ̀nà òfurufú nìkan ló kù. Ní Uli, wọ́n sọ ọ̀nà mọ́tò di pápá ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ a sì máa balẹ̀ níbẹ̀ ní òru. Ní ọdún 1969, Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ láti Kútọnù tiwa níhìn-ín lọ sí Biafra.

Oúnjẹ náà kò tó. Ikùn àwọn ọmọdé wú, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ń kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn ogun náà gbà pé àwọn tó kú tó 1,000,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Owerri tún bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà. Ojukwu lọ sí Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Ọ̀gágun Effiong, tó dúró dè é, lọ sí Èkó láti túúbá. Láti ìgbà tí Enugu ti ṣubú, ó ti lé ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta.

Ìwọ tó ń kà á, rò ó wò. Olú-ìlú níye lórí nínú ogun, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò sí nínú ilé àti ààfin. Ó wà nínú ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá: oúnjẹ, ohun ìjà, àṣẹ, àti ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn. Bí ìjọba bá lè dì í lẹ́rù lọ sí ìlú mìíràn, ilé òfìfo ni ọ̀tá gbà. Olórí tó bá rò pé òun ó gba olú-ìlú kan kí òun sì sinmi, ó lè bẹ̀rẹ̀ ìjà tí kò mọ òpin rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti gba olú-ìlú kan, má tíì sọ pé ogun parí. Bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ibo ni ìjọba náà wà báyìí? Ọ̀nà wo ló ṣì ṣí sílẹ̀ fún un? Kí ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń jẹ?